Wíwọ yunifásítì ìjọba ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tẹni: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọdọọdún ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ń padà wá, láti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ àti láti ẹnu òbí. Yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà la ń sọ níhìn-ín, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìjọba ìpínlẹ̀, láti orí fọ́ọ̀mù JAMB títí dé ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ ìwé yín wò nínú ọgbà.

Ṣé wọ́n máa ń gba ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn?

Wọ́n máa ń gbà wọ́n. Ohun tó yàtọ̀ ni iye ààyè tí wọ́n ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti, ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀, iye owó tó máa san.

Èkó ni wọ́n bí mi sí, Èkó ni mo ti kàwé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni bàbá mi. Ìpínlẹ̀ wo ni tèmi?

Ògùn ni. Ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè ni ìpínlẹ̀ abínibí, ìyẹn ibi tí ìdílé bàbá yín ti wá. Kì í ṣe ibi tí wọ́n bí yín sí, kì í sì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé. Bí òbí yín tilẹ̀ ti ń san owó-orí l'Ékòó láti ogún ọdún sẹ́yìn, ìyẹn kò sọ yín di ọmọ Èkó lójú ẹni tó ń gba ọmọ wọlé. Ó ń dun ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ ìlú mìíràn rí, ó sì yẹ kó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Níbi tó ti máa hàn jù ni ilé-ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ bíi LASU. Ní UNILAG, ọmọ Ògùn kò pàdánù púpọ̀, nítorí Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé-ìwé náà kà sí agbègbè tirẹ̀.

Báwo ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ṣe ń pín ààyè?

Ọ̀nà mẹ́ta ni: 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún merit, 35 fún catchment, 20 fún ELDS. Ká ní kọ́ọ̀sì kan ní ààyè 100. Ààyè 45 àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n máa mú 35 nínú àwọn tó wá láti ìpínlẹ̀ tó yí ilé-ìwé náà ká. 20 tó kù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó níbẹ̀.

Catchment UI, UNILAG àti OAU ni ìpínlẹ̀ mẹ́fà Yorùbá: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì. Ọmọ Èkìtì tó fẹ́ OAU ní ilẹ̀kùn méjì: bí merit kò bá gbà á, ó tún wà nínú catchment. Ọmọ Delta tàbí Anambra tó fẹ́ ilé-ìwé kan náà ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, merit. Bákan náà ni ọmọ Ọ̀ṣun tó bá fẹ́ lọ sí UNN ní Nsukka: merit nìkan ló máa gbé e wọlé.

Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi lè gba máàkì kan náà, kí ọ̀kan wọlé, kí èkejì má wọlé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣe màgòmágó. Abala 14(3) nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ló sọ pé kí ohun ìjọba àpapọ̀ má bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀yà tàbí ìpínlẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ sì ni èrò pínpín yìí ti wá. Kí ẹ tó mú ilé-ìwé, ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀kùn tí ẹ máa kàn.

Ìpínlẹ̀ wo ló wà nínú ELDS?

Mẹ́tàlélógún ni: Adamawa, Bauchi, Bayelsa, Benue, Borno, Cross River, Ebonyi, Gombe, Jigawa, Kaduna, Kano, Katsina, Kebbi, Kogi, Kwara, Nasarawa, Niger, Plateau, Rivers, Sokoto, Taraba, Yobe àti Zamfara.

Ẹ wo Kwara àti Kogi dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Kàbà kò mọ̀ pé orúkọ ìpínlẹ̀ àwọn wà níbẹ̀. Wọn kò sí nínú catchment OAU, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba ọ̀nà merit, wọ́n sì lè gba ti ELDS. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà Yorùbá kò sí nínú rẹ̀ rárá, nítorí náà ọmọ Oǹdó kò lè retí ELDS níbikíbi.

Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ńkọ́?

45, 35 àti 20 yẹn kì í ṣe tiwọn. Ìpínlẹ̀ tó ni ilé-ìwé ló ń ná owó sí i, ọmọ tirẹ̀ ló sì máa ń fún ní èyí tó pọ̀ jù nínú ààyè. Iye tó kù fún àlejò yàtọ̀ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, ó tún yàtọ̀ láti kọ́ọ̀sì dé kọ́ọ̀sì. Bí kọ́ọ̀sì bá jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń dù, bí ìmọ̀ ìṣègùn, òfin tàbí nọ́ọ̀sì, ààyè àlejò máa ń tín-ín-rín gan-an. Bí kọ́ọ̀sì kò bá kún, ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló máa ń wá àlejò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ̀gbọ́n kan sọ fún yín ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nítorí ẹni tó ni ilé-ìwé lè yí padà. Láti 1991 ni Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ti jọ ń ṣàkóso LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n láti 2020 Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín. TASUED ní Ìjàgun, tí ìpínlẹ̀ Ògùn dá sílẹ̀ ní 2005, bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní 2025. Irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ ń yí ìpínlẹ̀ tí wọ́n kà sí ọmọ onílé padà, ó sì lè yí owó padà.

Ìgbésẹ̀ wo ni màá gbé láti ìbẹ̀rẹ̀?

NIN ni ìpìlẹ̀. Ẹ fi fóònù tí orúkọ yín wà lórí síìmù rẹ̀ kọ NIN, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Ó kéré tán, kí ₦50 wà lórí síìmù náà. Wọ́n máa fi profile code ránṣẹ́ padà. Síìmù yẹn ni JAMB máa fi mọ̀ yín títí tí ẹ máa fi wọlé, nítorí náà ẹ má yá síìmù ẹlòmíràn lò, ẹ má sì jẹ́ kó sọnù. Òun ni ẹ máa fi ra e-PIN, nọ́ńbà tí ẹ máa fi forúkọ sílẹ̀, pẹ̀lú.

Inú ilé CBT (ilé ìdánwò orí kọ̀ǹpútà) tí JAMB fọwọ́ sí ni ìforúkọsílẹ̀ ti ń wáyé, torí wọ́n máa ya ìka ọwọ́ yín. Kì í ṣe ní káfẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ẹ máa ti yan ilé-ìwé, kọ́ọ̀sì àti ìlú ìdánwò. Ìlú ìdánwò kò ní í ṣe pẹ̀lú ilé-ìwé tí ẹ yàn: ọmọ tó ń gbé ní Ìbàdàn tó sì fẹ́ UNIBEN lè ṣe UTME rẹ̀, ìyẹn ìdánwò ìgbaniwọlé ti JAMB, ní Ìbàdàn. Àwọn kan ti rìnrìn àjò lásán nítorí wọn kò mọ èyí.

UTME jẹ́ ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì: 60 nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn iṣẹ́ (subject) mẹ́ta yòókù. Bí iṣẹ́ mẹ́ta yẹn kò bá bá kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ mu, 350 pàápàá kò ní gbé yín dé ibì kan. Inú ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ni ẹ ti máa rí iṣẹ́ tó bá kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan mu ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó fún ilé-ìwé tí ẹ fẹ́ gan-an, nítorí ohun tí UNILORIN ń béèrè lè má jẹ́ ohun tí UI ń béèrè.

Lẹ́yìn UTME, èsì WAEC tàbí NECO yín gbọ́dọ̀ wà lórí CAPS, ìyẹn ojúlé orí ayélujára tí JAMB ti ń ṣètò ìgbaniwọlé láti 2017. Ilé CBT ló ń gbé e sórí rẹ̀ fún yín. Ẹ wọlé síbẹ̀ fúnra yín láti rí i pé ó ti hàn, torí ọ̀pọ̀ ọmọ tí máàkì wọn tó ni wọ́n ti fò kọjá nítorí èsì tí kò sí lójú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni post-UTME, àyẹ̀wò tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ilé-ìwé kan ń ṣe ìdánwò rẹ̀ nínú ọgbà, èkejì kàn ń fi èsì ìwé mẹ́wàá ṣírò. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ kó tó ṣètò owó ọkọ̀.

Ṣé kí n fi ilé-ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn ṣe àkọ́kọ́ tàbí ìkejì?

Bó bá jẹ́ pé òun lẹ fẹ́ gan-an, àkọ́kọ́ ni. Àwọn ilé-ìwé tí èrò ń rọ́ lọ, bíi UI, UNILAG àti OAU, kì í fi bẹ́ẹ̀ wo ẹni tó fi wọ́n ṣe ìkejì, nítorí àwọn tó fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ti pọ̀ ju ààyè lọ. Ẹni tó ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn catchment kò tún gbọdọ̀ fi ìkejì kún ẹrù tirẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá máàkì mi tó?

Ẹ kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Máàkì tó kéré jù tí JAMB kéde fún gbogbo yunifásítì, tó jẹ́ 150 ní 2025, kàn ń jẹ́ kí ilé-ìwé lè wò yín ni. UI, UNILAG àti OAU máa ń béèrè 200 kí ẹ tó lè ṣe post-UTME wọn. Cut-off kọ́ọ̀sì, ìyẹn máàkì tó kéré jù tí kọ́ọ̀sì náà ń gbà, èyí tó ń pinnu gan-an, máa ń ga ju méjèèjì lọ fún kọ́ọ̀sì tí èrò pọ̀ sí.

Ní UNILAG, ẹ pín máàkì JAMB sí mẹ́jọ, kí ó di nǹkan kan nínú 50. Post-UTME jẹ́ 30. Èsì ìwé mẹ́wàá jẹ́ 20, láti inú iṣẹ́ márùn-ún tó bá kọ́ọ̀sì mu: A1 jẹ́ 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ẹni tó gba 264 ní JAMB ní 33. Bó bá gba 20 ní post-UTME, tí èsì rẹ̀ sì jẹ́ A1, B2, B3, B3 àti C4, èyí jẹ́ 16.8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69.8. Ní OAU, JAMB jẹ́ 50, post-UTME 40, èsì ìwé mẹ́wàá 10. Ní UI, ìdajì jẹ́ ti JAMB, ìdajì jẹ́ ti post-UTME.

UNILAG àti OAU máa ń gbé cut-off jáde ní ẹ̀ka-ẹ̀ka: ti merit lọ́tọ̀, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú catchment lọ́tọ̀. Ẹ wo ìlà tiyín nìkan. Ti ìpínlẹ̀ kan lè ga ju ti èkejì lọ nínú kọ́ọ̀sì kan náà, nítorí pé àwọn tó wá láti ibẹ̀ pọ̀ tí máàkì wọn sì ga. Bí ẹ kò bá sí nínú catchment, ìlà merit ni kí ẹ wò, ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Bí máàkì yín bá kéré sí i, ó sàn kí ẹ pa kọ́ọ̀sì dà nígbà tí JAMB ṣì ń gba àtúnṣe ju kí ẹ máa gbàdúrà lé orí rẹ̀ lọ. Ìfẹ́ tí ẹ ní sí kọ́ọ̀sì náà kò fi ààyè kún ààyè.

Ṣé màá san owó ju ọmọ ìpínlẹ̀ lọ?

Ní ti ìjọba àpapọ̀, rárá. Wọn kì í gba owó ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ka oyè àkọ́kọ́. Àwọn owó mìíràn ni wọ́n ń gbà, bí ti ìforúkọsílẹ̀, yàrá ìwádìí, ìlera àti ìdánwò, bákan náà sì ni fún ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀.

Ní ti ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní iye méjì lórí ìwé owó: ti ọmọ ìpínlẹ̀ àti ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀. Ẹ wá ìwé owó ti ọdún yìí, fún kọ́ọ̀sì yín, fún ìpele yín. Ọdún àkọ́kọ́ máa ń wọ́n jù nítorí owó ìgbàwọlé, nítorí náà ẹ wo ti ọdún kejì pẹ̀lú, kí ẹ sì fi iye ọdún kọ́ọ̀sì náà ṣe ìṣirò kí ẹ tó tẹ̀ pé ẹ gbà á. A ti rí ọmọ tó wọlé ní ìrọ̀rùn tó sì dúró ní ọdún kejì nítorí owó.

Ibo ni wọ́n ti ń gba ìwé-ẹ̀rí pé ọmọ ibì kan ni mí?

Káńsù ìjọba ìbílẹ̀ ìlú bàbá yín ni, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ń gbé. Ọ̀pọ̀ káńsù máa béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀ tàbí olórí ẹbí, orúkọ agboolé, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àti owó. Ẹ lọ kí àdímíṣàn tó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àwọn ilé-ìwé kan ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun láti parí àyẹ̀wò ìwé, àkókò yẹn sì kéré fún ẹni tó gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò lọ sílé, bá ẹbí jókòó, kó sì dúró de ẹni tó máa fọwọ́ sí i.

NIN mi sọ pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni mo ti wá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tún un ṣe lọ́dọ̀ NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, kí ẹ tó gba profile code, nítorí láti inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ, ọjọ́ ìbí àti àwọn ohun mìíràn nípa yín. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, NIMC náà ni ẹ máa kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ilé CBT láti ṣe àtúnṣe ní JAMB. Bí ẹ bá yí ọ̀nà yìí padà, owó àtúnṣe á lọ, àṣìṣe á sì dúró síbẹ̀.

Orúkọ náà gbọ́dọ̀ bára mu lórí NIN, JAMB, WAEC àti ìwé káńsù. Ọládélé níbì kan àti Oladele-Ajayi níbòmíràn ti tó kí wọ́n dá yín padà lọ búra ní kóòtù.

Ṣé mo lè lo ìpínlẹ̀ ìyá mi, tàbí kí n kàn sọ pé ọmọ Èkó ni mí?

Ti ìyá: ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù ìlú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù kankan. Bí wọn kò bá ní fún yín ní ìwé-ẹ̀rí, ilé-ìwé kò ní gbà á. Ohun tí ìwé kò lè gbè lẹ́yìn, ẹ má kọ ọ́.

Ti irọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọjọ́ àyẹ̀wò ìwé ni irọ́ yìí ń já, nígbà tí ẹ ti kọ ilé-ìwé mìíràn sílẹ̀. Wọ́n á wo ìwé káńsù, wọ́n á wo NIN, wọ́n á wo orúkọ bàbá yín, wọ́n á sì gba àdímíṣàn padà. Bí kò bá tilẹ̀ já lọ́jọ́ náà, ó lè já ní ọdún ìparí.

CAPS fún mi ní kọ́ọ̀sì tí n kò béèrè. Ṣé kí n gbà á?

Ẹ wò ó fínnífínní kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Bó bá jẹ́ pé ilé-ìwé fẹ́ gbé yín lọ sí kọ́ọ̀sì mìíràn, CAPS máa béèrè ìfọwọ́sí yín fún ìyípadà náà kí àdímíṣàn fúnra rẹ̀ tó jáde. Bí ẹ bá kọ̀, ó ṣeé ṣe kí ilé-ìwé mìíràn wò yín, ṣùgbọ́n kò dájú. Fún ẹni tó wà ní ẹ̀yìn catchment, èrò tiwa ni pé kọ́ọ̀sì tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́ yẹ kí a gbà. Èyí tó jìnnà pátápátá sí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe láyé, ẹ má gbà á nítorí ìbẹ̀rù.

Ẹnìkan sọ pé òun lè bá mi gba ààyè àlejò bí mo bá san owó.

Gbájúẹ̀ ni. Àdímíṣàn tí kò bá gba orí CAPS kọjá kì í ṣe àdímíṣàn lójú JAMB, bí wọ́n tilẹ̀ gbé lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ lè jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin, kó tó wá rí i nígbà NYSC pé orúkọ òun kò sí lọ́dọ̀ JAMB. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ pé ẹ gbà lórí CAPS, ẹ tẹ lẹ́tà àdímíṣàn JAMB jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ₦1,000 ni, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì.

Ṣé NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, ń yá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìpínlẹ̀ lówó?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti 2024 kò fi ìpínlẹ̀ abínibí dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Yunifásítì ìjọba ni kó jẹ́, kí ilé-ìwé sì ti fi orúkọ yín ránṣẹ́ sí NELFUND. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí ilé-ìwé, owó ìtọ́jú ₦20,000 lóṣù ń wọ àpò ìfowópamọ́ yín, kò sì sí èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn NYSC ni sísan padà ń bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù, bí ẹ bá ti níṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún ní owó ìrànwọ́ fún ọmọ wọn tó ń kàwé ní ìta. Ẹ béèrè nílé kí ẹ tó yá.

Ibùgbé ńkọ́?

Họ́sítẹ́ẹ̀lì kì í tó. Ọjọ́ tí ojúlé họ́sítẹ́ẹ̀lì bá ṣí ni kí ẹ sanwó, nítorí wákàtí díẹ̀ ni ó lè fi kún. Bí ẹ bá máa gba ilé níta, ẹ ka owó ajẹ́ntì àti ti àdéhùn mọ́ owó ilé, kí ẹ má sì san kọ́bọ̀ fún yàrá tí ẹ kò tíì fi ojú rí.

Máàkì mi kò tó fún merit. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Direct Entry. Ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí bíi JUPEB, IJMB, NCE tàbí ND tó dára lè wọlé sí ọdún kejì láìṣe UTME. Kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ló ń gba gbogbo ìwé yìí, ilé-ìwé mìíràn kò sì gba IJMB rárá, nítorí náà ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB kí ẹ tó sanwó ọdún kan fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé mo lè wọ ilé-ìwé ìpínlẹ̀ mi báyìí, kí n yí lọ sí ibi tí mo fẹ́ nígbà tó bá yá?

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ilé-ìwé tí ẹ ń lọ gbọ́dọ̀ ní ààyè, èsì ọdún àkọ́kọ́ yín gbọ́dọ̀ dára, ilé-ìwé tí ẹ ń fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìwé èsì yín ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, JAMB sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Kọ́ọ̀sì kan náà tàbí èyí tó fara jọ ọ́ ni wọ́n máa ń gbà. Ilé-ìwé mìíràn máa dá yín padà sí ọdún tó kéré sí èyí tí ẹ wà. Ẹ má fi ipò yín lọ́hùn-ún sílẹ̀ títí ìfọwọ́sí JAMB fi dé ọwọ́ yín.